Kókóró tó ń dún lẹ́nu: bí mo ṣe ń dín tèmi nílé ní Abẹ́òkúta

Kókóró tí wọ́n ń gbé sáré tẹ̀lé mọ́tò ní gáréèjì Lafẹ́nwá lónìí kì í ṣe kókóró burúkú. Ẹ má gbọ́ ti àwọn tó ní ohun gbogbo ti bàjẹ́ láyé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti lé ní ogójì ọdún, tí ẹ ra ọ̀rá kan, tí ẹ fọ́ ẹyọ kan sẹ́nu, tí ẹ wá ń yí ọ̀rá náà wò bóyá wọ́n ṣi ọjà tà fún yín, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ohun tí ẹ ń wá kò sọnù, kò sì sí nínú ṣúgà. Iṣẹ́ ọwọ́ ló wà níbẹ̀: bí wọ́n ṣe pín ìyẹ̀fun sí méjì, tí wọ́n se ìdajì, tí wọ́n fi ìdajì tútù pò ó, tí wọ́n wá dín in lórí iná tí kò kánjú. Ẹni tó ń dín kókóró rẹpẹtẹ lóòjọ́ kí ó lè rí èrè lórí òróró tó wọ́n gógó kò lè ráyè gbogbo ìyẹn. Ẹ̀yin lè ráyè rẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé kan.

Télọ̀ ni mí, n kì í ṣe alásè. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Ìtọ̀kú, lókè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí àwọn aládìrẹ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó kọ́ mi ní kókóró dídín ni oníbàárà mi kan, ìyá àgbàlagbà, ọmọ Ìmàṣàyí. Ẹni tó bá mọ kókóró ní ìpínlẹ̀ Ògùn á mọ Ìmàṣàyí àti Ìbòòrò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Yewa. Níbẹ̀, àwọn obìnrin ti sọ ọ́ di iṣẹ́ tí ìyá ń fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ìyá tí mò ń wí yìí ti fi títà sílẹ̀ nítorí orúnkún, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé. Mo ń wọn apá rẹ̀ fún aṣọ ẹgbẹ́ ni mo bi í pé, "Màámi, kí ló dé tí kókóró ìsinsìnyí kò rí bíi ti ìgbà tí a wà ní kékeré?"

Ó ní, "Télọ̀, ọmọ mi, ta ló ń fi ọwọ́ gán etí aṣọ mọ́? Ẹ̀rọ ni gbogbo yín fi ń rán an. Bó o bá fẹ́ ti ìgbà yẹn, wá jókòó tì í."

Òun fúnra rẹ̀ ló wá jókòó, lórí àpótí, ní ilé ìdáná wa. Ó ń pàṣẹ, èmi ń ṣe é, ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ó ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀. Ohun tí mo kọ́ lọ́jọ́ náà, àti ohun tí mo ti fi kún un láti ìgbà náà wá, ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí.

Ẹ kọ́kọ́ rántí èyí tí ẹ jẹ

Kókóró pé oríṣiríṣi. Ó wà tó gùn gbọọrọ, ó wà tí wọ́n ká róbótó. Àwọn kan fi ṣúgà sí i títí tó fi jọ ṣin-ṣín. Àwọn kan kò fi nǹkan kan sí i ju iyọ̀, ata àti àlùbọ́sà lọ. Àwọn mìíràn a máa fi gàrí díẹ̀ lú ìyẹ̀fun àgbàdo, èyí sì máa ń le ju ti àgbàdo lásán lọ. Bí ẹ kò bá mọ èyí tí ẹ jẹ, ẹ lè ṣe kókóró tó dára gan-an kó má sì jẹ́ èyí tí ọkàn yín ń fẹ́. Ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín, tàbí ẹni tí ẹ jọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè tó ní ojú: ṣé ó ta lẹ́nu? Ṣé òórùn àlùbọ́sà máa ń wà lọ́wọ́ wa lẹ́yìn rẹ̀? Ṣé ó ń fọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ni àbí ó ń ṣẹ́ sí méjì? Ẹnu èèyàn máa ń purọ́ lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún. Gbogbo nǹkan ìgbà èwe ló máa ń dùn bí oyin nínú ìrántí.

Tèmi ni ti ìyá kan tó máa ń jókòó lẹ́nu géètì ilé ẹ̀kọ́ wa ní Lafẹ́nwá. Gbọọrọ ni, tẹ́ẹ́rẹ́ ni, aláta ni, bí ṣúgà bá tilẹ̀ wà níbẹ̀, kò tó ohun tí èèrà ń tọ̀. Ọ̀rá kò tíì gbòde tó báyìí nígbà náà. Ojú ìwé tí wọ́n ya nínú ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ló fi ń pọ́n ọn, nítorí náà, bí a ṣe ń jẹ ẹ́ la máa ń ka ìṣirò ẹni ẹlẹ́ni tí tíṣà ti fi bírò pupa fa igi sí. Bí òróró bá ti mu ìwé náà, a ó máa rí ẹ̀yìn rẹ̀ láti iwájú. Ẹni tó bá rí ìwé tí wọ́n gba odo sí máa ń gbé e káàkiri kíláàsì. Mi ò tíì rí ohun tó dùn tó ìyẹn láti fi jẹ kókóró.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ra ti ọjà díẹ̀ kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n. Ní Abẹ́òkúta, kò sí gáréèjì tí ẹ kò ti ní rí i: Lafẹ́nwá, Kútọ̀, Pànṣẹ́kẹ́. Bí ẹ ṣe máa mọ èyí tó dára nìyí: ẹ wo ìdí ọ̀rá. Bí òróró bá rogún síbẹ̀, iná kò gbóná tó nígbà tí wọ́n ń dín in. Ẹ wo ara rẹ̀: bí ó bá ṣú sí dúdú lóde, òróró àlòtúnlò ni, tàbí ṣúgà ló jó. Ẹ fi ìka méjì ṣẹ́ ọ̀kan níwájú ẹni tó ń tà á, yóò ní kí ẹ tọ́ ọ wò náà ni. Ó yẹ kí ó dún. Bí ó bá tẹ̀ kí ó tó ṣẹ́, afẹ́fẹ́ ti wọ inú ọ̀rá náà. Kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀, nítorí òróró tó ti pẹ́ ní òórùn tí ẹnikẹ́ni kò lè fi ata bò.

Àgbàdo àti ẹ̀rọ

Àgbàdo gbígbẹ la ń lò. Funfun àti pupa ni mo ti lò. Èyí tó funfun máa ń jẹ́ kí adùn àlùbọ́sà hàn jù. Èyí tó pupa ń fún un ní àwọ̀ tó wuni kí iná tilẹ̀ tó kàn án, àwọ̀ pupa yẹn náà sì ni ara wa fi ń ṣe fítámì A. Ìyá Ìmàṣàyí kò fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ lórí èyí. Ó ní èyí tó bá gbẹ ju lọ́jà lọ́jọ́ náà ni kí n rà.

Ẹ ra kóńgò kan. Yóò ju ohun tí a fẹ́ dín lọ, ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹ́rọ kì í fẹ́ dá ẹ̀rọ sílẹ̀ nítorí agolo méjì, mo sì ní ohun tí a ó fi ìyókù ṣe. Ẹ dà á sórí àtẹ, ẹ fẹ́ ẹ, kí ẹ wá ṣà á lẹ́yọ lẹ́yọ. Mo mọ̀ pé ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn á ti fò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó. Èyí tó kòkòrò ti jẹ, ẹ yọ ọ́, nítorí kíkorò rẹ̀ máa ń kù sínú ìyẹ̀fun. Èyí tó ti bu, tó ní àwọ̀ ewé tàbí eérú nídìí, ẹ dà á nù pátápátá, ẹ má sì ní kí adìẹ jẹ ẹ́. Májèlé tí àwọn onímọ̀ ń pè ní aflatoxin ló máa ń wà nínú irú àgbàdo bẹ́ẹ̀, dídín kì í pa á tán. Lọ́dún 2004, ní orílẹ̀-èdè Kenya, àgbàdo tó bu ṣe bẹ́ẹ̀ pa èèyàn 125. Nítorí èyí, bí ẹ bá dé ọjà tí òórùn àgbàdo náà dà bíi ti yàrá tí òjò ń jò sí, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, kódà kó jẹ́ oníbàárà yín ni ẹni náà.

A kì í rẹ ẹ́ sómi. Àgbàdo ògì ni wọ́n ń rẹ. Bí eruku rẹ̀ bá pọ̀ jù, ẹ ṣàn án wéré kí ẹ sì sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ táútáú.

Ní ti lílọ̀, ẹ̀rọ tó ń lọ nǹkan gbígbẹ ni kí ẹ gbé e lọ, kì í ṣe ẹ̀rọ ata. Ìlú láfún ni ìlú wa, nítorí náà irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò wọ́n wa. Ìṣòro rẹ̀ náà ló wà níbẹ̀: ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ láfún tán yóò fi òórùn láfún sínú ìyẹ̀fun yín, òórùn ẹ̀gẹ́ tó ti kan kì í sì í kúrò nínú kókóró bọ̀rọ̀. Ẹ dúró de ẹni tó gbé àgbàdo wá, kí ẹ lọ tiyín tẹ̀lé tirẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ ní kí ẹlẹ́rọ fi ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo yín fọ ẹnu ẹ̀rọ, kí ẹ da èyí nù. Ẹ ní kó lọ̀ ọ́ kó kúnná. Bí ẹ bá délé, ẹ tẹ́ ẹ kí ooru ẹ̀rọ jáde lára rẹ̀, kí ẹ wá fi asẹ́ kù ú. Èérí tó kù lórí asẹ́, ẹ má dà á padà sínú rẹ̀. Òun ló máa ń jẹ́ kí kókóró ya nígbà tí a bá ń yí i.

Ìdajì sísè, ìdajì tútù

Fún ilé tí ó ní èèyàn bíi márùn-ún, ìwọ̀n tí mò ń lò nìyí: ìyẹ̀fun ife mẹ́rin, omi ife méjì, àlùbọ́sà kan tó mọ níwọ̀n tí a ti lọ̀ kúnná, iyọ̀ ṣíbí kékeré kan, ata gígún ìdajì ṣíbí kékeré. Ẹni tó bá fẹ́ kó dùn lè fi ṣúgà ṣíbí ìjẹun méjì sí i. Kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ṣúgà máa ń pọ́n kí inú tó gbẹ, ẹ ó sì yọ ọ́ ní tútù nítorí pé ojú ti ń tàn yín. Èmi kì í fi sí i. Dókítà mi pẹ̀lú kò fẹ́.

Ìdí tí a fi ń pín in sí méjì rèé. Fúláwà ní ohun kan nínú tó máa ń fà, òun ló ń di búrẹ́dì àti ṣin-ṣín mú. Àgbàdo kò ní in. Bí ẹ bá fi omi tútù po ìyẹ̀fun àgbàdo, yóò kó ara jọ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti jù ú sínú òróró, á tú ká. Ṣùgbọ́n bí a bá se ìyẹ̀fun náà nínú omi gbígbóná, á mu omi, á wú, á sì di ohun tó ń lẹ̀. Ìdajì tí a sè yìí ni yóò di ìdajì tútù mú. Ìdajì tútù ní tirẹ̀ ni yóò jẹ́ kí ó fọ́ lẹ́nu, nítorí bí a bá se gbogbo rẹ̀, ohun tí ẹ ó dín ni ẹ̀kọ líle, eyín kan á sì bá a lọ.

Nítorí náà, ẹ wọn ife méjì sọ́tọ̀, ẹ pa á mọ́. Ẹ bu omi díẹ̀ nínú ife omi méjì náà, ẹ fi po ẹ̀kúnwọ́ ìyẹ̀fun láti inú ife méjì tó kù, kó ṣàn bí ògì. Ẹ gbé omi yòókù ka iná pẹ̀lú iyọ̀, ata, àlùbọ́sà, àti ṣúgà bí ẹ bá fẹ́. Bí ó bá hó dáadáa, ẹ da èyí tí ẹ pò sí i, ẹ rò ó. Yóò ki díẹ̀. Ẹ wá dín iná kù, kí ẹ máa fi ọwọ́ kan gbọn ìyókù ìyẹ̀fun ife méjì yẹn sí i, kí ọwọ́ kejì máa fi omọrogùn rò ó láìdúró. Ó máa ń le, ó ń fẹ́ agbára. Ẹ di ìkòkò mú. Ẹ rò ó fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún títí tí kóró kò fi ní sí nínú rẹ̀ mọ́, tí yóò máa dán, tí kò sì ní lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò mọ́.

Ẹ dà á sórí àwo fífẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ, kí ẹ jẹ́ kí ó tutù díẹ̀. Ìyá Ìmàṣàyí ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí "díẹ̀" yìí. Bí ó bá ṣì gbóná janjan nígbà tí ẹ da ìdajì tútù sí i, ooru rẹ̀ á se èyí náà, òfo ni gbogbo pípín tí ẹ pín in. Bí ẹ bá sì gbàgbé ẹ̀ títí tó fi tutù pátápátá, á dì, kò ní gba ìyẹ̀fun mọ́ra, ẹ ó máa rí ojú funfun funfun nínú rẹ̀. Ìgbà tí ọwọ́ bá gbà á láìfà sẹ́yìn ni àkókò rẹ̀. Ó mú ọwọ́ mi, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ó ní, "Ibi tí ọmọ ìkókó lè fi wẹ̀ nìyẹn." Gbogbo ẹni tó bá ti wẹ ọmọ rí á mọ ìwọ̀n ooru tó wí.

Ẹ wá máa da ìyẹ̀fun tútù sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ pò ó, kí ẹ ká a, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Èyí gba bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sí ọ̀nà àbùjá. Bí ẹ bá rò pé ó ti tó, ẹ yí díẹ̀ nínú rẹ̀ kó gùn tó ìka, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Ó yẹ kó tẹ̀ díẹ̀ kó tó ya. Bí ó bá ya lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ fi omi gbígbóná tọ́ọ́rọ́ ra ọwọ́, kí ẹ tún un pò. Ẹ má da omi lé e lórí. Bí ó bá ń lẹ̀ mọ́ ìka, ẹ fi ìyẹ̀fun díẹ̀ kún un. Ẹ fi aṣọ tútù tí ẹ ti fún bò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Yíyí

Ibí yìí ni télọ̀ ti wúlò. Ìyá Ìmàṣàyí kò wọn nǹkan kan, ojú rẹ̀ ni téèpù rẹ̀. Èmi gbé téèpù mi wá láti ṣọ́ọ̀bù, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó yí tirẹ̀ tán, mo wọn ọ́n: kò sí èyí tó fi bẹ́ẹ̀ ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Sísanra rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdajì sẹ̀ǹtímítà. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì mẹ́rin. Mo ti wá rí i pé sísanra yìí ni ọ̀rọ̀ gan-an. Bí ó bá ti tó sẹ̀ǹtímítà kan, òde á pọ́n, inú á le bí èkùrọ́. Bí ó bá sì tẹ́ẹ́rẹ́ jù, á jó kí ẹ tó mọ̀.

Ẹ bu èyí tó tó ìdajì ọwọ́, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì nà án lórí pátákó tó mọ́, láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ má fi ìyẹ̀fun wọ́n pátákó náà, nítorí ìyẹ̀fun yẹn ni yóò bọ́ sínú òróró tí á sì jó dúdú. Bí ó bá gùn tán, ẹ fi ọ̀bẹ gé e. Kí gbogbo rẹ̀ rí bákan náà, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń wọ òróró. Ẹ bo àwọn tí ẹ ti yí kí ojú wọn má baà gbẹ. Bí ojú rẹ̀ bá gbẹ, tí inú sì tutù, afẹ́fẹ́ á há síbẹ̀, ẹ ó sì rí i nígbà tí òróró bá gbóná.

Ẹ gba ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ mi: eyín ọmọ ọdún mẹ́jọ kọ́ ló wà lẹ́nu wa mọ́. Èmi ní eyín kan tí wọ́n ti dí. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀, tàbí tó bá ń ṣe é fún màmá tàbí bàbá àgbà, kí ó dín sísanra rẹ̀ kù díẹ̀ sí i, kí ó sì fi òróró ṣíbí ìjẹun kan po ìyẹ̀fun. Á rọ̀ lẹ́nu jù, àdánù díẹ̀ ni ìró rẹ̀.

Dídín

Ìkòkò tó jìn dára ju páànù lọ. Òróró kí ó tó lítà kan àbọ̀, kí kókóró lè léfòó nínú rẹ̀, kí ó má sì ju ìdajì ìkòkò lọ. Ẹ lo òróró tuntun. Kò sí ohun tí mo rí tó ń ba kókóró ilé jẹ́ tó òróró tí wọ́n fi dín ẹja lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá.

Ẹ gbé e ka iná tó mọ níwọ̀n. Bí ẹ bá ní ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru, 160 sí 170°C ló yẹ kó wà. Bí ẹ kò bá ní, ẹ ju ègé kékeré kan sínú rẹ̀: ó yẹ kó rì, kó dúró nísàlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kó wá gòkè pẹ̀lú ìfófòó wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ yí ara rẹ̀ ká. Bí ó bá ti ń fọn wàà tó sì pọ́n lójú ẹsẹ̀, òróró ti gbóná jù. Ẹ gbé e sọ̀ kí ẹ dúró.

Ẹ dà wọ́n sí i díẹ̀díẹ̀, kó má há ara wọn mọ́. Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ẹ má fọwọ́ kan wọ́n, wọ́n ṣì rọ̀, wọ́n á ṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ máa fi ṣíbí oníhò yí wọn jẹ́jẹ́. Yóò gba nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ẹ jẹ́ kí etí yín ṣiṣẹ́ ju ojú yín lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ariwo òróró á pọ̀, nítorí omi ló ń jáde lára rẹ̀. Bí omi náà bá ti ń tán, ariwo á máa lọ sílẹ̀, ìfófòó á sì dín kù. Bí ẹ bá wá ń fi ṣíbí rú u, tí wọ́n ń gbá ara wọn, tí wọ́n ń dún bí igi gbígbẹ, inú ti gbẹ nìyẹn. Ẹ kó o jáde kí ó tó dé àwọ̀ tí ẹ fẹ́, nítorí yóò ṣì pọ́n sí i lẹ́yìn tí ẹ bá kó o.

Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ sún mọ́ ibẹ̀. Kókóró tí afẹ́fẹ́ tàbí omi há sínú rẹ̀ lè bẹ́, kó sì ta òróró gbígbóná síni lójú. Ẹ mú ìdérí ìkòkò sítòsí, kì í ṣe láti fi dé e nígbà tí ẹ ń dín in, bí kò ṣe nítorí iná. Bí iná bá gbá òróró, ẹ pa iná gáàsì, ẹ fi ìdérí bò ó, ẹ má da omi sí i, ẹ má sì gbé ìkòkò náà rìn.

Ẹ tẹ́ kókóró sórí asẹ́ tàbí àtẹ kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìwé ìròyìn kọ́ ni kí ẹ tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ o. Mo mọ ohun tí mo sọ nípa ìwé ilé ẹ̀kọ́ lókè, ṣùgbọ́n tàdáwà kì í ṣe ìpanu. Ẹni tó fẹ́ràn ata lè wọ́n ata àti iyọ̀ díẹ̀ sí i nígbà tó ṣì gbóná.

Bí kò bá rí bí ẹ ṣe fẹ́

Bí òde rẹ̀ bá gbẹ tí àárín rẹ̀ sì rọ̀, ẹ jẹ́ kó tutù tán, kí ẹ dá a padà sínú òróró fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Ó máa ń gbọ́. Bí ó bá le jù tí ó sì ń dán bí ìgò, apá tí ẹ sè ti pọ̀ ju tútù lọ, tàbí ooru se gbogbo rẹ̀. Ẹ rántí ìyẹn fún ìgbà mìíràn, ẹ sì rẹ èyí tó wà nílẹ̀ sínú gàrí. Bí ó bá tú sínú òróró, kò sí àtúnṣe fún un, ẹ sẹ́ òróró náà, kí ẹ fi ìdajì ife ìyẹ̀fun sísè kún ìyókù tí ẹ kò tíì dín. Bí òróró bá mu ún yó, iná ló lọ sílẹ̀.

Ẹ má dì í kí ó tó tutù pátápátá. Ooru díẹ̀ tó bá há sínú ọ̀rá á di omi, kí ilẹ̀ tó mọ́ ẹ ó máa jẹ kókóró tó ń tẹ̀. Ike tí ìdérí rẹ̀ dí dáadáa dára ju ọ̀rá lọ. Ní tèmi, ó máa ń wà bẹ́ẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì bí àwọn ọmọ kò bá mọ ibi tó wà. Fífi sínú fìríìjì kò ràn án lọ́wọ́.

Ẹ̀pà yíyan ni mo fi ń jẹ tèmi, pẹ̀lú omi tútù. Ìyá Ìmàṣàyí ní kúlíkúlí ló bá a mu. A kò tíì parí ẹjọ́ náà.

Ní ti ìyókù ìyẹ̀fun inú kóńgò, àádùn ni kí ẹ fi ṣe, pàápàá bí ẹnì kan bá wà nílé tó jẹ́ pé àádùn ni tirẹ̀, bíi ti ìyàwó mi. Ẹ da ìyẹ̀fun náà sínú ìkòkò gbígbẹ lórí iná kékeré, kí ẹ máa rò ó láìdúró títí yóò fi ní àwọ̀ ilẹ̀pa, tí òórùn àgbàdo sísun á gba ilé kan. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó tutù díẹ̀. Ẹ fi iyọ̀ àti ata gígún sí i, kí ẹ máa ro epo pupa lé e lórí ṣíbí kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ máa fi ọwọ́ pò ó, títí tí yóò fi dúró bí ẹ bá fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Epo tí wọn kò tíì yọ́ dúdú ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá rí ewé, ẹ fi pọ́n ọn. Bí kò bá sí, abọ́ náà dára.